Ìkúnlẹ̀ Màmá Mi àti Ẹ̀rọ Tó Wà Láyà Rẹ̀

Ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dún yìí, torí tí n kò bá sọ ọ́, àyà mi á kàn máa já lásán. Àyà tèmi kọ́ ló sì ṣàìsàn o. Ti màmá mi ni.

Aránṣọ ni màmá mi ní Uwasota, níbí ní Benin. Èmi ni ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti parí yunifásítì, mo ń wáṣẹ́. Geography ni mo kà, àmọ́ nínú ilé wa, ẹni tó bá ti kàwé, dókítà ni. Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí, tí ẹ̀rù bá sì ti ń bà mí, ìyẹn náà tún máa ń dẹ́rù bà mí. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, màmá mi kúnlẹ̀ kí ìyàwó pásítọ̀ wa. Bó ṣe ń dìde ló ṣubú gbalaja. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo ìjọ ti ń pariwo Halleluyah. Wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó lajú, ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù, ó béèrè bàtà rẹ̀. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló bà lé e.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kí gbogbo èèyàn máa dúpẹ́, kí ìwọ nìkan máa ṣọ́ bóyá ìyá rẹ ń mí? Ojú ń tì mí pé ìgbàgbọ́ mi kéré, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó lè jẹ́ èmi ni mo jàre.

Nígbà tó tún ṣubú lẹ́yìn tó kúnlẹ̀ kí ìyá ìjọ, wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ aládùúrà. Wọ́n yan ẹnìkan tí á máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti gbá a mú. Màmá mi, tí ẹnikẹ́ni kì í pè síwájú tẹ́lẹ̀, lọ ra ìborùn funfun.

Ìgbà tó wá ṣubú nínú ilé ni mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Kò sí pásítọ̀ níbẹ̀, kò sí orin. Ó kàn kúnlẹ̀ wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Iṣan ibẹ̀ lù, ó dákẹ́, ó dákẹ́ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó wá tún lù. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, mo bi í pé ṣé Ẹ̀mí náà ló tún tẹ̀ lé wa wálé. Ó ní kí n yé sọ̀sọkúsọ, kí n bá òun wá abẹ́rẹ́ òun.

Mo sọ fún un pé èmi ni mo fẹ́ lọ yẹ ara mi wò ní ọsibítù, kó sìn mí lọ. Ó gbà kíákíá. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rò pé nǹkan ń ṣe mí.

Ìgbà tí a débẹ̀ ni mo tó jẹ́wọ́ pé òun ni mo mú wá. Dókítà ọkàn tó rí wa, obìnrin Edo kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti màmá mi rárá, lẹ wáyà mọ́ màmá mi láyà, ó sì fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Ó bi í bóyá ọwọ́ máa ń ta á tàbí kó kú tipiri. Màmá mi ní ó ti pẹ́, àlùmọ́gàjí tí òun fi ń gé aṣọ ló fà á. Dókítà náà tún padà wo àwòrán ọkàn rẹ̀ tí ẹ̀rọ yà.

Lẹ́yìn oríṣiríṣi àyẹ̀wò, ó ní purotéènì kan, òun kan náà tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ kú, ló ń wọ inú ẹran ọkàn rẹ̀, tó ń jókòó síbẹ̀, tó sì ń mú kó nípọn, kó le, bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú sítáàṣì. Iná tó ń mú ọkàn lù kò rí ọ̀nà gbà dáadáa mọ́. Nígbà míràn á máa sáré wúruwùru, nígbà míràn á kú bí iná àdúgbò wa. Oògùn tí kẹ́mísìtì ti fún un nígbà tí àyà rẹ̀ ń sáré tún ń fa ọkàn náà sẹ́yìn, wọ́n sì ní kó má lò ó mọ́. Wọ́n fún un ní èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n ní ó ku ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n máa fi sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, tí á máa ta ọkàn jí tó bá ti dákẹ́. Ẹ̀rọ náà kò ní kó purotéènì yẹn kúrò, ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀. Àmọ́ láìsí i, ọjọ́ kan lè jẹ́ ọjọ́ tí kò ní jí mọ́.

Màmá mi kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì sáré gbá a mú.

"Mama, abeg, no kneel for anybody again till we put the machine," ni dókítà wí.

Nígbà tí a délé, màmá mi ní òun kò ṣe. Ó ní ohun tí Ọlọ́run ń ṣe, kò nílò bátìrì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé bó ṣe ń rí lára mi, mo tún ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé. Kódà pásítọ̀ wá fúnra rẹ̀, ó ní kó lọ ṣe é. Màmá mi ní pásítọ̀ ń dán ìgbàgbọ́ òun wò ni.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pè láti Òṣogbo pé òun ń bọ̀ wá wò ó. Bùrọ̀dá yìí ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú. Mo rán màmá mi létí pé orí àga ni kó ti kí i o.

Ó gbé ojú sókè lórí aṣọ tó ń rán. "Kí n jókòó kí Bùrọ̀dá mi?"

Mo ní ohun tí dókítà wí nìyẹn.

"Kó wọkọ̀ láti Òṣogbo, kí n máa wò ó láti orí àga bí ìyàwó gómìnà?"

Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. Ó rán an débì kan, ó fi eyín já òwú.

"Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹn sí mi láyà, ṣé mo lè kúnlẹ̀?"

Mo pe dókítà. Ó ní ó lè kúnlẹ̀ tójú ibẹ̀ bá ti jinná, àmọ́ kó máa rọra dìde, kó di nǹkan mú, torí àìsàn náà tún máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ téèyàn bá dìde lójijì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, màmá mi ti di báàgì rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Bùrọ̀dá kó fi ìrìn àjò náà falẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí i láyà, Bùrọ̀dá sì dé nígbà tí ojú egbò jinná. Màmá mi di etí tábìlì mú, ó kúnlẹ̀. Bùrọ̀dá ń bẹ̀ ẹ́: "Dìde, Àbẹ̀kẹ́, ó tó." Màmá mi ò tíì kí i tán. Ó kí i kú ìrìn, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Èmi ń làágùn. Lẹ́yìn náà ló di tábìlì mú, ó rọra dìde, ó sì dúró.

Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Èmi nìkan ni mo sọ pé Halleluyah, wẹ́rẹ́ báyìí. Ó bi mí kí ló dé tí mo ń pariwo lójú àgbà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní agbára rẹ̀ ti dínkù, torí kò ṣubú mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀: tí èèyàn yín bá ṣubú, ẹ kọ́kọ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú ná. Ẹ lè wá máa pariwo lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ní òbí tí ẹ bá fà á títí tó kọ̀ jálẹ̀, tó wá jẹ́ pé ohun tí ẹ kò rò ló mú un gbà? Ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọkàn mi á balẹ̀ tí n bá mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.