Wákàtí Kan Nínú Mọ́tò Tí Kò Lọ Síbì Kankan

Fún bí oṣù mẹ́jọ, ohun tí mo máa ń ṣe nìyí tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé: màá wa mọ́tò wọ inú ọgbà ilé tí a rẹ́ǹtì ní Ẹ̀gbẹ́dá, màá pa ẹ́ńjìnnì, màá yí gíláàsì sókè, màá sì jókòó síbẹ̀. Mi ò ní tan rédíò, mi ò ní tẹ fóònù. Màá kàn jókòó ṣá, kí òógùn máa wọ́ lára mi, títí wákàtí kan á fi kọjá. Ìgbà yẹn ni màá tó wọlé lọ bá ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì.

Nínú ọgbà tí ìdílé mẹ́fà jọ ń gbé, èèyàn ò lè ṣe irú ìyẹn kí wọ́n má wí nǹkan kan. Lánlọ́ọ̀dù wa, bàbá àgbàlagbà tí ojú wọn kì í kúrò lójú wíńdò, ti pinnu pé mò ń ṣọ́ mọ́tò mi lọ́wọ́ olè ni. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ti kìlọ̀ fún ọdẹ. Aládùúgbò tó wà lókè wa sọ fún ìyàwó mi pé àdúrà ni mò ń gbà, pé irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lóde òní. Ìyàwó mi ní tiẹ̀ ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó ní obìnrin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rí tó mú wá ni pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí àga iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Báàgì mi ló máa ń wà níbẹ̀. Ká tiẹ̀ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ni òun àtàwọn ọmọ ń jókòó sí, tí èmi á wá dà bíi dírẹ́bà wọn.

"Ta lẹ ń pa àyè yẹn mọ́ dè?" ó bi mí lọ́jọ́ kan.

Mo ní kò sẹ́nì kankan. Òótọ́ ni, àmọ́ ojú mi ò jọ tẹni tó ń sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti mọ́tò. Oorun ti dá lójú mi. Àyà mi á ṣàdédé máa já, kódà níbi àpèjọ àárọ̀ níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, èmi igbákejì ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Ìgàndò, tí wọ́n ní ojú mi le. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Bí ìyàwó mi bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀, màá jágbe mọ́ ọn. Bí kò bá bi mí, màá bínú pé kò bi mí. Níjọ́ tí mo jágbe mọ́ ọmọ wa kékeré nítorí ṣíbí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó mi gbé ọmọ náà, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ariwo rẹ̀ ti mọ́ mi lára.

"Dádì, ẹ lọ wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gba ọludé tí nǹkan ṣì rí báyìí, mò ń kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Adó. Mi ò sì ní padà o."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n gba ọludé.

Àlùfáà ìjọ wa ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Níbo tún ni ọmọ Èkìtì tó jẹ́ Áńgílíkà á kọ́kọ́ lọ? Wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ta gbọ́ tẹnu mi, wọ́n sì fi nǹkan bíi wákàtí kan dáhùn. Wọ́n ní ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì ni, kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ebi wá kún àyà jíjá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gun orí àga ìwàásù, wọ́n ní: "Ọkùnrin kan wà láàárín wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, inú mọ́tò ló máa ń sá sí fún ìyàwó rẹ̀." Lóòótọ́ ni wọn ò dárúkọ. Gbogbo ìjọ kàn yí ọrùn wò mí ni. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú mi tiẹ̀ fọwọ́ gbá mi lórúnkún, wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é.

Tíṣà kan níléèwé wa, tí mo mọ̀ pé kì í ṣòfófó, ló wá sọ fún mi pé ẹnì kan wà ní Akọwọnjọ, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ìṣòro ọkàn àwọn èèyàn. Mo bi í pé ṣé ó ti ń pè mí ní wèrè ni. Ó ní rárá sà, òun náà ti lọ rí. Mo gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin olórí pípá kan, tó wọ awò ojú, ni mo ń retí. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ lọ ló ṣílẹ̀kùn. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Ẹ káàsán sà." Inú mi dùn sí ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀, mo sì gbàdúrà fún un pé á rí ọkọ rere, á bímọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bà jẹ́. Ta ló máa gbàdúrà fún ọmọ tán, tá á tún wá máa sunkún níwájú rẹ̀?

"Báwo lara yín sà?"

"A dúpẹ́."

"Ilé ńkọ́ sà?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa."

"Ìyàwó yín ńkọ́ sà?"

"Ó wà dáadáa. Ó ní kí n kí ẹ."

"Oorun ńkọ́ sà? Ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn?"

"À ń sùn dáadáa, a dúpẹ́."

Mi ò fojú kan oorun lóru tó ṣáájú. Bó ṣe ń bi mí ni mò ń bi í padà: ta ni bàbá rẹ̀, ìlú wo ni wọ́n ti wá, ṣé ó ti jẹun. Nígbà tí mo gbọ́ pé kò tíì lọ́kọ, mo gbà á níyànjú lórí irú ọkùnrin tó yẹ kó fẹ́. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá inú fáìlì tèmi ló ń kọ ọ́ sí àbí inú ìwé tara rẹ̀. Nígbà tí àkókò pé, mo dìde, mo ní ó káre láé.

Ìyàwó mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní a dúpẹ́."

Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fi di ilẹ̀kùn mú, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe di ẹkún. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ kíṣìnnì lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà dání fún ọmọbìnrin náà. Bákan náà la tún ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo lọ, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, kò kúnlẹ̀. Kò tiẹ̀ dìde. Ó fọwọ́ júwe àga fún mi.

"Sà, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní kí yín lónìí. Gbogbo bí mo ṣe ń kí yín, a dúpẹ́ lẹ̀ ń sọ. Ta ló sọ ọ́ fún yín gbẹ̀yìn, tẹ́ ẹ wá rí i pé kì í ṣòótọ́?"

Ìwọ̀sí rèé! Inú bí mi débi pé mo ti di báàgì mi mú, mo fẹ́ jáde. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi sọ pé: "Màmá mi."

Kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sínú mọ́tò, ọ̀dọ̀ wa ni màmá mi wà. Ara wọn ò yá fún ọjọ́ mélòó kan, mo bá gbé wọn sí àga iwájú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ilé ìwòsàn. Ọjọ́ ìdánwò ni níléèwé wa, mo sì ń wo aago léraléra. Wọ́n rí mi. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìyànà Ìpájà, mo bi wọ́n pé, "Màmá, báwo lara?" Wọ́n ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ó ti fúyẹ́. Dá mi padà sílé, kó o máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó yá mi lára láti gbà bẹ́ẹ̀, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo yí mọ́tò padà. Kó tó di ọ̀sán, ìpè wọlé látilé níbi tí mo ti ń pín ìwé ìdánwò: màmá mi ti dákẹ́.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Ní tiwa, ẹni tí ìyá rẹ̀ lo irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹkún. Oríire ni. "Ẹ kú ìnáwó o!" "Ẹ̀yìn wọn á dáa o!" Ẹni tó bá tiẹ̀ rántí sọ pé ẹ kú aráfẹ́rakù, á yára fi ẹ kú oríire tì í lẹ́yìn. Mò ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, mò ń rẹ́rìn-ín, mo ní a dúpẹ́. Mo sọ a dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro mí. Mi ò sunkún nílé, mi ò sunkún létí sàréè. Lórí àga oníke kan lókè ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ni mo ti sun ún, níwájú ọmọ tí mo lè bí. Kò gbàdúrà fún mi. Ó kàn ti tíṣù sọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí mo nu ojú tán, ó ní, "Ibo lẹ ti lè sọ èyí fún ìyàwó yín sà?"

Mo ní mi ò mọ̀. Nínú pálọ̀, ìjà ló máa dà.

"Inú mọ́tò ńkọ́?"

Ó gbà mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kí n tó lè ṣe é, ojo ni mí. Lọ́jọ́ tí a gba ọludé, mo wọ ọgbà nírọ̀lẹ́, mo pa ẹ́ńjìnnì. Báàgì àwọn ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi okùn dì í. Ìyàwó mi ń ká aṣọ lórí okùn. Mo fun fèrè. Ó gbé aṣọ lé èjìká, ó wá síbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bó ṣe máa ń ṣe.

Mo gbé báàgì mi kúrò lórí àga iwájú, mo jù ú sẹ́yìn, mo nawọ́ ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un. Ó wo àga náà, ó wo ojú mi. Ó wọlé, ó jókòó, ó kó aṣọ náà sórí itan rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ti yọjú lójú wíńdò.

"Dádì, báwo lara yín?"

Ẹnu mi ti là, ọ̀rọ̀ àbáláyé yẹn ti dé orí ahọ́n mi. Lórí àga yẹn kan náà ni màmá mi ti sọ ọ́ fún mi. Mo gbé e mì.

"Kò dáa," ni mo wí. "Kò dáa rárá. Ó ti pẹ́ tí kò ti dáa."

Ìyàwó mi fa ilẹ̀kùn pa. Ó yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ sókè títí tó fi dé òkè pátápátá.

"Ẹ máa sọ ọ́," ló wí. "Mò ń gbọ́."