Ìgò Méjì Lábẹ́ Ibùsùn Ìyá Mi

Òórùn ọtí ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú ilé bàbá mi tó jẹ́ ààfáà, ní Ìwó. Mo sáré nu ẹnu ìgò, mo ṣí fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ nígbà yẹn.

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ọkùnrin ni, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára wọn púpọ̀. Bí wọ́n bá dìde, òòyì á máa kọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ wọn, Ìyá Sunday, tó ń ta ọtí ní Odò-Orí, ní kí wọ́n máa mu sítáòtù, ọtí dúdú nì, pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí àwòrán ara ògiri irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: ọkùnrin abiṣan kan tó gbé ìgò dúdú sókè bí ẹni gbé oògùn. Ìyá mi gbà á gbọ́. Èmi ni wọ́n ń rán lọ gbà á, inú àpò ìwé mi ni mo sì ń kó o sí.

Bàbá mi náà ń ṣe hàǹtú fún wọn. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ Àlùkùránì sára wàláà, wọ́n á fi omi fọ íńkì tàdáwà rẹ̀ sínú ìgò, pé kí aláìsàn máa mu ún. Omi náà dúdú. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti rí ọgbọ́n dá: wọ́n da ọtí sínú irú ìgò kan náà, wọ́n gbé méjèèjì sábẹ́ ibùsùn. "Rùkáyà, má sọ fún bàbá rẹ o." Gbogbo ìgbà tí bàbá bá ti wọlé ni mo máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, inú ń run ọmọ. Bàbá wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa ìgò kan yọ lábẹ́ ibùsùn, wọ́n ṣe bí hàǹtú ni, wọ́n dà á sínú ṣíbí. Ó hó. Ìyá mi nawọ́ láti orí ibùsùn, ọwọ́ wọn ò tó o. Ṣíbí ti fẹ́ kan ètè ọmọ kí n tó fò mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ má fún un! Ọtí ni!"

Bàbá gbóòórùn ṣíbí náà. "Subuhánáláhì! Nínú ilé mi?"

Ìyá mi bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, Bàbá Rùkáyà. Wọ́n ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Mi ò fẹ́ kú ni."

Bàbá ò bá wọn jà. Wọ́n lọ da ọtí nù lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ra ẹ̀dọ̀ ẹran bọ̀, pé ìyẹn ló ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀, àfi kí wọ́n pè mí ní olófòófó. Ó dùn mí wọra.

Mo padà di nọ́ọ̀sì. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn aláboyún pé ọtí kì í dá ẹ̀jẹ̀ padà, pé àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri fẹ́ tajà ni. N kì í fi bò rárá. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bímọ. Mo bá ìyá mi, tí wọ́n ti di Àlhájà arúgbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí: "Má dá màmá ẹ lóhùn. Máa mu sítáòtù díẹ̀díẹ̀. Òun ló gbé mi dìde."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun mi. Mo wúkọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ì bá ti pariwo.