Aṣọ Ṣẹ́ẹ̀kì Ìyá Mi

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé l'Áfọ̀n, tí mi ò fẹ́ gbọ́ létí mọ́. Ṣẹ́ẹ̀kì ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa. Nọ́ọ̀sì á ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀jẹ̀ rẹ, ọmọ tó ṣèdánwò á lọ ṣẹ́ẹ̀kì èsì, ìwé tí a fi ń gbowó ní báńkì, ṣẹ́ẹ̀kì náà ni. Aṣọ tí ìlà dúdú bá dábùú ìlà funfun lórí rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀kì ni ìyá mi ń pè é títí ó fi kú.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ní kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ tó yẹn. Mo lọ tú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá. Àṣé ilẹ̀ Páṣíà ló ti ṣẹ̀ wá, ọba ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Àwọn tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì lórí pákó onílà ló máa ń ké e nígbà tí wọ́n bá ti há ọba ẹnì kejì mọ́. Láti ibẹ̀ ló ti di kéèyàn dá nǹkan dúró, ó tún wá di kéèyàn yẹ nǹkan wò. Pákó ayò náà ló fún aṣọ lórúkọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé mo rí nǹkan he.

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Jóga, ìlú bàbá mi tó lọ́kọ sí. Apá Kétu, lódìkejì bọ́dà, ni bàbá mi ti fẹ́ ẹ wá. Nínú agboolé wọn, bí ọmọbìnrin bá kú sílé ọkọ, aṣọ ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wé e: kíjìpá ṣẹ́ẹ̀kì dúdú àti funfun tí wọ́n hun fúnra wọn. Ojú àlejò kò gbọ́dọ̀ kàn án lọ́nà. Nítorí náà, inú oúnjẹ tí wọ́n bá ń gbé bọ̀ wá síbi ìsìnkú ni wọ́n máa ń fi í sí. Ọmọ ìjọ gidi ni ìyá mi, ṣùgbọ́n kò fi èyí ṣeré. Lórí àìsàn ló ti sọ fún bàbá mi pé, "Ẹ má fi aṣọ ọjà sin mí." Bàbá mi ní òun gbọ́.

Nígbà tó kú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbéra lórí ọ̀kadà pẹ̀lú àpò ẹ̀wà kan, aṣọ náà wà láàárín ẹ̀wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ bí okùn tí wọ́n ta dábùú títì ṣe pọ̀ tó. Ó kọjá púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Ayétòrò, àwọn aṣọ́bodè kan tó gbé ìbọn dá a dúró, wọ́n ní kó da àpò náà sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn àtíbàbà yẹn ká tó tú u. Aṣọ òkú wà nínú rẹ̀."

"Bàbá, aṣọ òkú ni àbí igbó? Kí lẹ ò fẹ́ ká rí?"

Bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n tó ni ara ń fu wọ́n. Wọ́n gbé àpò náà sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn á lọ ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ dáadáa, kó padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ọwọ́ òfo ló bá dé Jóga. Nígbà tí òun àti bàbá mi padà lọ, àwọn mìíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ nípa àpò kankan. Òkú kò sì lè dúró mọ́. Léèsì funfun la fi sin ìyá mi, léèsì ọjà. Àwọn èèyàn ń sọ pé ó yẹ ẹ́. Mo fẹ́ gbá wọn létí.

Láti ìgbà náà, bàbá mi ti pinnu pé bí aṣọ náà bá dé, a ó hú orí sàréè díẹ̀, a ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, a ó sì bò ó. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti Afọ̀n wálé ló máa ń bi mí bóyá wọ́n ti rí i.

Lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń bọ̀ wálé, àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ wa dúró lẹ́bàá Ayétòrò, níbi tí wọ́n ti gba àpò náà. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà, aṣọ kan ká sábẹ́ ìdí rẹ̀. Mo rí òwú pupa tí àwọn ará ilé ìyá mi máa ń hun sí etí kíjìpá wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi pé, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n há wa mọ́bí."

Mo ní, "Aṣọ ìyá mi lẹ jókòó lé yẹn."

Ó wo abẹ́ ara rẹ̀, ó wá wò mí. "Màmá, aṣọ wo? Ẹ ṣí báàgì yín."

Kò tilẹ̀ dìde. Ìwé atúmọ̀ èdè kò purọ́, ọba ni. Mo ṣí báàgì mi, ó ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi wà lórí àga níwájú ilé. Ó bi mí bó ṣe máa ń bi mí.

Mo ní, "Wọn ò tíì rí i, Bàbá."

Ó mi orí. "Wọ́n ṣáà ní àwọn á ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ dáadáa," ló wí. "Jẹ́ ká ní sùúrù fún wọn."