Wọ́n Ní Apá Lásán Ni Mò Ń Lù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ẹ jẹ́ kí èmi náà ro tẹnu mi lónìí, torí ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé mì látọjọ́ yìí ti kún mi dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Sátidé tó kọjá, níbí ní Abẹ́òkúta, lójú gbogbo ayé.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, orúkọ mi ni Múfútáù. Ọmọ Ìtòkú ni mí, Adìgbẹ ni mò ń gbé báyìí. Akànṣẹ́ ni mí, mo wà lára àwọn tó wúwo jù lọ. Tí mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, inú ilé á ṣókùnkùn, ìyàwó mi á ní kí n yẹra kí òun lè rí ìrẹsì tí òun ń ṣà. Mo ti jà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, kò sì sẹ́ni tó tíì borí mi rí. Ẹnì kan ṣoṣo, ẹ wá a wá!

Ẹ wá bi mí pé kí làwọn èèyàn ń sọ nípa mi.

Wọ́n ní mi ò mọ ẹ̀ṣẹ́ jà!

Ẹ gbà mí o! Èèyàn ń borí, wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò mi pé mò ń jà bí ìyá arúgbó tó ń gún iyán. Òmíràn láti Owódé ní bí kì í bá ṣe ara tí Ọlọ́run fún mi, mi ò ní lè na ewúrẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí rédíò níbí ló tiẹ̀ wá dì í ní gàárì. Ó ní Múfútáù kì í lu èèyàn, apá lásán ló ń lù. Ó ní gbogbo ẹ̀ṣẹ́ mi, orí apá ẹni tí mò ń bá jà ló ń balẹ̀ sí, pé oríire ni mò ń jẹ, kì í ṣe iṣẹ́.

Mò ń ka gbogbo ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí eléré ìdárayá kan ń sọ pé òun kì í ka kọ́mẹ́ǹtì, ẹ má dá a lóhùn, irọ́ ló ń pa. Ṣẹrífá ìyàwó mi á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní, "Dádì Ráímì, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ jẹun." Èmi á ní mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, títí ọbẹ̀ á fi dì. Odidi èmi yìí! Ẹni tí mi ò mọ̀ rí á kọ ọ̀rọ̀ ìlà kan, inú mi á bàjẹ́ di ọjọ́ kejì.

Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí yẹn. Apá ni mò ń lù. Mo sì mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Kí n tó di akànṣẹ́, aṣọ ni mo máa ń lù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ìtòkú dáadáa, ẹ mọ iṣẹ́ yẹn. Tí wọ́n bá pa àdìrẹ láró tán, tó ti gbẹ, wọ́n á ká a, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìtí igi. Ọkùnrin méjì á kọjú síra wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú òòlù onígi tó wúwo. Bí tèmi bá ti ń balẹ̀, tìẹ á máa gòkè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa lù ú títí aṣọ á fi dán. Àwọn tó ń ṣe é ò pọ̀ mọ́, ẹlòmíràn á kàn fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó mọyì aṣọ ṣì ń gbé e wá síbi ìtí igi. Àbúrò ìyá mi, Bàbá Rábíù, ló kọ́ mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ẹ̀ fi jọ kọjú síra wa.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá yìí ní: ojú kan ni kó o máa lù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń lù síbí, mo máa ń lù sọ́hùn-ún, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i pé mo lágbára. Bàbá Rábíù á dá òòlù dúró, á bi mí pé ṣé aṣọ ni mò ń lù àbí eṣinṣin ni mò ń lé. Ojú á tì mí. Á wá ní kí n fara balẹ̀, pé téèyàn bá ń lu ojú kan, kò ní rí nǹkan kan, kò ní rí nǹkan kan, àfi kó ṣàdédé rí i tí ibẹ̀ ń dán.

Ohun tí mo gbé wọ ríìngì nìyẹn. Mo máa ń yan ojú kan lára ẹni tí mò ń bá jà, bóyá òkè ìgúnpá rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì máa ń lù. Ráúndì kìíní, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ìkejì, wọn ò ní rí nǹkan kan. Àwọn èèyàn á máa hó pé kí ni bọ̀dá yìí ń ṣe gan-an? Tó bá yá, apá yẹn ò ní lè gòkè mọ́. Tí apá ò bá lè gòkè, kí ló kù tó máa bo àgbọ̀n?

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ojú ń tì mí ni! Gbogbo akànṣẹ́ tó kù á ní àwọn kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ kóòṣì báyìí báyìí, kí n wá ní orí àdìrẹ ni mo ti kọ́ tèmi? Yàtọ̀ síyẹn, Bàbá Rábíù gan-an ń bínú sí mi. Èèyàn méjì ló ń lu aṣọ. Nígbà tí mo kúrò, òun nìkan ló kù nídìí ìtí igi, ẹni tí á sì bá a lù ú kì í pẹ́ kó tó sá lọ. Ó bi mí lọ́jọ́ tí mo lọ dágbére pé, "Kí lọmọ ọlọ́mọ ṣe fún ẹ tó o fẹ́ máa lù ú?" Látìgbà yẹn, ẹ kú ọdún nìkan ló kù láàárín wa.

Ìjà bẹ́líìtì Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá dé. Ọ̀gá tó ń ṣètò ìjà mi sọ pé ilé ni a ti máa jà á, ní Abẹ́òkúta. Ará Ghana kan ni wọ́n fẹ́ kí n bá jà, ó ga, ó yára, jáàbù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú tó máa ń ta léraléra, ń dun àwọn tó kàn ń wo fídíò rẹ̀. Kí ni orí mi wá sọ fún mi? Ó ní ọjọ́ yìí gan-an ni kí n pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Kí n jà bí akànṣẹ́ tó mọ iṣẹ́, kí n máa ta jáàbù, kí n máa jó káàkiri ríìngì, kí ọ̀gbẹ́ni rédíò yẹn lè tọrọ àforíjì.

Mo sọ ọ́ fún Kóòṣì Délé tó ń kọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́. Ó bi mí pé kí ni mo ti ń fi borí láti ọjọ́ yìí. Mo ní kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà kọ́ mi. Ó kọ́ mi, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ò dùn sí i.

Ó ku ọjọ́ mélòó kan, mo lọ sí Ìtòkú lọ pe Bàbá Rábíù síbi ìjà náà. Mo bá a nídìí ìtí igi, òun nìkan, ó ń ká aṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní kí n dìde, ó ní òun gbọ́. Kò ní òun á wá, kò ní òun ò ní wá.

Ọ̀sán Sátidé pé. Ẹ wo èrò! Àwọn tó ń di sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò gba odidi bọ́ọ̀sì wá. Ìyá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta kàmpálà gba ìlà àga méjì. Ọ̀gbẹ́ni rédíò jókòó níwájú pátápátá pẹ̀lú máìkì rẹ̀. Ìgbà tí mo gun ríìngì, mo wo ìlà kẹta, ta ni mo rí? Bàbá Rábíù, pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀, ó ká ọwọ́ sáyà.

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Háà, mo rẹwà lọ́jọ́ yẹn! Mo jó sọ́tùn-ún, mo jó sósì, mo ta jáàbù. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni rédíò dìde dúró. Inú mi ń dùn, àfi pé ẹ̀ṣẹ́ ń bà mí! Ọmọ ilé ni jáàbù jẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin Ghana yẹn, àlejò ló jẹ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ju ọ̀kan, ó ti ju mẹ́ta. Nígbà tí ráúndì kẹrin fi parí, ojú òsì mi ti ń pa dé, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu mi.

Mo jókòó sórí àpótí. Kóòṣì ń nu ojú mi, ó ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí. Ó ní gbogbo ráúndì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ti pàdánù. Ó ní tí mo bá ń bá a lọ báyìí, kí n gbàgbé bẹ́líìtì, ó ti wọ ọkọ̀ Accra. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ borí kí wọ́n lè gbà pé mo mọ iṣẹ́, mo sì ti fẹ́ẹ́ pàdánù ìjà fún ìgbà àkọ́kọ́ nítorí ẹnu wọn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ẹnì kan jiyàn nísàlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ dá Bàbá Rábíù padà, ó ní kí wọ́n yẹra, ọmọ òun ló wà lókè yẹn. Ó dé ìsàlẹ̀ igun mi. Kò pariwo. Ó kàn gbójú sókè wò mí, ó ní:

"Múfútáù, ṣé aṣọ lò ń lù ni àbí eṣinṣin lò ń lé?"

Ẹ̀rín pa mí! Tẹ̀jẹ̀ tẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ni mo fi rẹ́rìn-ín. Bàbá tí kò wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ rí láyé ẹ̀, ráúndì mẹ́rin péré ló wò tó fi rí àìsàn mi.

Bí agogo ṣe dún, mo dá ijó dúró. Mo wo apá òsì ọkùnrin náà, torí ibẹ̀ ni jáàbù rẹ̀ ń gbà jáde. Mo yan ojú kan lókè ìgúnpá, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ojú kan náà. Ó lù mí, mi ò dá a lóhùn, ojú kan náà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀gbẹ́ni rédíò jókòó padà, ó mi orí. Mo mọ ohun tó ń sọ sínú máìkì yẹn, ṣé mi ò ti gbọ́ ọ tó ni?

Ráúndì kẹfà, wọn ò rí nǹkan kan. Ráúndì keje, jáàbù rẹ̀ ò yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ìkẹjọ, ó fẹ́ ta á, apá náà gòkè dé ìdajì, ó sì já wálẹ̀ bí aṣọ tútù tó já lórí okùn. Mo rí àgbọ̀n rẹ̀ kedere. Mo fi ọ̀tún kàn án lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó jókòó sílẹ̀. Rẹfirí kà á dé ẹ̀wá. Kò dìde!

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí! Àwọn ará Ewékorò ní dandan àwọn máa gbé mi sókè. Èèyàn mẹ́fà ló gbé mi, díẹ̀ ló kù kí gbogbo wa jọ ṣubú. Ìyá mi ń sunkún, ó ń pe Ọlọ́run. Mo ti di ọba akànṣẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nílùú mi, lójú ìyá mi. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ̀ pé ojú ń dùn mí.

Lẹ́yìn náà, mo lọ kí ọkùnrin Ghana náà nínú yàrá tó ti ń múra. Kò lè gbé apá òsì wọ ṣẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo bá a wọ̀ ọ́. Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni rédíò wọlé pẹ̀lú máìkì. Kò tiẹ̀ kí mi kú oríire! Ó bi mí pé ṣé mi ò rò pé oríire ni mo tún jẹ lónìí, nígbà tó jẹ́ pé apá ni mò ń lù ṣáá.

Kí n tó lanu, ọkùnrin Ghana ti fèsì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí ọ̀gbẹ́ni náà jọ̀wọ́ gbé apá tirẹ̀ wá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, lẹ́yìn náà kó wá sọ èyí tó jẹ́ oríire níbẹ̀.

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín! Ọ̀gbẹ́ni náà fi ọwọ́ bo apá ẹ̀, kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, kí gbogbo Ẹ̀gbá gbọ́, pé alùṣọ ni mí, pé Bàbá Rábíù ní Ìtòkú ni ọ̀gá mi. Ojú ò tì mí mọ́.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n dákẹ́? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé ó ti rẹ ọkùnrin Ghana náà tẹ́lẹ̀ ni. Mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jẹ oúnjẹ mi ní gbígbóná. Ṣẹrífá bi mí pé ṣé ara mi yá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé bẹ́líìtì lọ fún Bàbá Rábíù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó gbé e sórí àga, ó sì na òòlù kejì sí mi. A lu aṣọ títí wọ́n fi pe ìrun àlàásárì. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní mo ṣe dáadáa ní Sátidé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi ń pẹ́ balẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti fi ìdí ìtí igi sílẹ̀ ni.

Èmi tí mo máa ń bínú di ọjọ́ kejì nítorí kọ́mẹ́ǹtì! Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣé, bàbá.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹni tí kò mọ ibi téèyàn ti kọ́ iṣẹ́ lè wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó pè é ní oríire. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́. Ẹjọ́ ibẹ̀ ni pé kí ìwọ fúnra rẹ torí ẹnu wọn ju òòlù rẹ sílẹ̀, kó o wá máa lé eṣinṣin.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Iṣẹ́ wo lẹ ti ṣe rí tó ṣì wà lọ́wọ́ yín títí dòní, táwọn èèyàn ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bú mi, àyè wà fún yín náà, ẹ ṣáà bú mi lórí ọwọ́ òsì. Mo ti padà wo fídíò yẹn. Ó ń pẹ́ lóòótọ́.