Ojú Àwòdì àti Ìnṣọ́ránsì Mọ́tò

Nílé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́, Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àṣìṣe inú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kò sì sí àmì ohùn tó lè fojú pamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ni ìwé náà wí, á ní òun ò mọ̀. Lẹ́tà lòun ń wò, òun ò bá ọ̀rọ̀ délé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti ìyá rẹ̀ lọ yá mọ́tò. Màmá fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nílùú kan tó jìn tó wákàtí mẹ́rin. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń lọ bẹ́ẹ̀, àlọ àtàbọ̀ lóòjọ́, torí tí Ojú Àwòdì bá ti san ìnṣọ́ránsì tán, agbára rẹ̀ kì í ká ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n á ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, àbúrò á kàn jẹun, á tún wọ mọ́tò. Ó ń dun Màmá wọra, kò kàn fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu ni.

Akọ̀wé tó ń yáni lọ́kọ̀ bi í pé, “Mà, ṣé kí n fi ìnṣọ́ránsì sí i bíi tàtẹ̀yìnwá?”

“Ẹ fi sí i jàre.”

“Dúró ná,” Màmá dá a dúró. “Káàdì báńkì tó o fẹ́ fi sanwó yìí, ṣebí ẹ̀yin lẹ tẹ ìwé tó bá a wá?”

“Àwa ni, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.”

“Kí ló wá sọ nípa mọ́tò?”

Ojú Àwòdì fa ìwé pélébé náà yọ nínú báàgì, ó sì kà á bó ṣe ń kà á níbi iṣẹ́: “‘Ẹni tó bá fi káàdì yìí san gbogbo owó ọkọ̀ tó yá, kọ́mà, tí kò sì gba ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó yá a fún un, kọ́mà, báńkì ni yóò tún ọkọ̀ náà ṣe bó bá bàjẹ́, fúlọ́sitọ́ọ̀pù.’”

“Ìwọ ọmọ yìí, yọ kọ́mà kúrò níbẹ̀ kó o tún un kà.”

Ó tún un kà. Kó tó kà á dé ìdajì, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta wá, ohun tó wà lápò rẹ̀ ló ń rà! Ojú tì í, ẹ̀rín sì tún ń pa á.

Ó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, báńkì sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ó ní kí akọ̀wé yọ ìnṣọ́ránsì náà kúrò, ìyẹn ò sì bínú.

“Ìnṣọ́ránsì tófin béèrè, torí ẹni tẹ́ ẹ bá kọ lù, ti wà nínú owó ọkọ̀. Ṣé ọjọ́ kan náà ni, mà?”

Màmá ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

“Ọjọ́ méjì ni,” Ojú Àwòdì dáhùn.

Nígbà tó jí nílé ẹ̀gbọ́n Màmá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yọjú sí yàrá àwọn àgbà méjèèjì. Wọ́n ṣì ń sùn. Ẹ̀gbọ́n di etí aṣọ àbúrò rẹ̀ mú ṣinṣin, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kó má tún lọ.