Ohùn Àpótí Bàbá Tíṣà ní Òkukù

Ìkìrun ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Òkukù ni mo ti kọ́ gìtá, lọ́dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Pákó ni wọ́n fi kan àpótí sípíkà tí gìtá wọn ń gbà dún ní pálọ̀ wọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi kàn án. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì kún, bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àyà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí mo ti ń ta gìtá ní Inísà, inú kọ̀ǹpútà ni mo ń gba ohùn gìtá mi kọjá, ó sì máa ń dún bíi kòkòrò tó há sínú agolo.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin bàbá pè mí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lọ́wọ́ òsì, òun sì fẹ́ mú wọn lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.

“Àpótí yẹn ńkọ́, àǹtí?”

“Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀ tán. Bí a bá gbé e, ó máa tú ni.”

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù láti tọ́jú ohùn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á rán ìró kan gba inú àpótí, láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè téńté, máìkì á gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á sì yọ ìró yẹn kúrò. Ìwà àpótí nìkan ló máa kù nínú fáìlì kékeré. IR ni àwa onígìtá ń pè é; bí gìtá bá gba inú rẹ̀ kọjá lórí kọ̀ǹpútà, á dún bíi pé inú àpótí yẹn gan-an ló wà.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo kòtò tí a kó sí láti Ìkìrun dé Òkukù ni mo fi ń di báàgì mi mọ́ra. Kì í ṣe máìkì ló ń já mi láyà jù. Bébà tó máa ń gbọ̀n níwájú sípíkà yẹn ti ya tẹ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù ni bàbá fi lẹ̀ ẹ́, ìró ìsàlẹ̀ sì lágbára.

Bàbá wo wáyà tí mo ń tò. “Ṣé kò ní bà á jẹ́?”

“Rárá, sà.” Irọ́ ni mo pa.

Ewúrẹ́ ké sínú èyí tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Èkejì mọ́ kedere. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí n sún máìkì díẹ̀, kí n sì fi kún ohùn. Bí ìró ìsàlẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí ni mo gbọ́ fàà!

“Ó ti ya?” ni bàbá bi mí.

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ó ti ya, sà. Mo mọ̀ pé ó lè ya. Mo purọ́ fún yín.”

Bàbá ní, “Nígbà tí mo bi ọ́, ìdáhùn rẹ ti yá jù. Mo ti mọ̀ láti ìgbà yẹn. Dìde, jẹ́ kí n gbọ́ èyí tó o rí mú.”

Mo ṣí fáìlì kejì lórí kọ̀ǹpútà, mo fi ìyapiìsì sí wọn létí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá. Bí ohùn náà ò bá jọ ọ́, mo ti ba nǹkan jẹ́ lásán nìyẹn. Bàbá dijú. Lẹ́yìn náà, ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu itan wọn.

“Okùn kẹrin rẹ ti dẹ̀,” ni wọ́n wí. “Fà á sókè.”

Mo fà á.

“Ẹ̀n-ẹ́n. Máa ta á lọ.”

Wọ́n ti wà ní Ìbàdàn báyìí. Ibi mẹ́ta ni mo tọ́jú fáìlì yẹn sí. Síbẹ̀, kí n tó kúrò nílé lọ sí Inísà lọ́jọ́ ìsinmi, mo máa ń ṣí i wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.