Aṣọ Ẹ̀yìn Tí Mo Hun fún Ọmọ Mi

Ẹ̀rù ibi gíga máa ń bà mí, n kì í sì í fi í pa mọ́. Bí òrùlé ilé wa bá ń jò, ẹlòmíràn ni mo máa ń bẹ̀ kó gùn ún, èmi á dúró nílẹ̀, mo máa ń pàṣẹ fún un bí ọ̀gá. Ìdí nìyí tí fíìmù àwọn akọni tó ń fò kò fi bá mi lára mu. Ọmọbìnrin mi á gbé e sí tẹlifíṣọ̀n, akọni á bẹ́ sílẹ̀ láti orí ilé alájà ogójì, aṣọ ẹ̀yìn tó so mọ́rùn á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, èmi á di àga mú.

"Bàbá mi, fíìmù ni o. Kò lè ṣubú."

Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Àtẹ́lẹwọ́ mi tó ń làágùn ni kò mọ̀.

Ìwé ìròyìn tún wà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kan ló máa ń bá ọmọ mi rà á bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọmọ náà á kà á títí etí ìwé á fi ya. Ó mọ ẹni tó rán aṣọ akọni, ó mọ ẹni tó ń fò dípò òṣèré. Lójú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n máa ń tẹ àwòrán àwọn òǹkàwé tó múra bí akọni, ojú ewé yẹn gan-an sì ni ọmọ mi ń wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́, tòun ti aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́rùn, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà kejì ó sunkún, kò jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nítorí ìwé ìròyìn! Mo bínú, àánú rẹ̀ tún ṣe mí, mo wá ṣe ohun tí ahunṣọ Ìsẹ́yìn máa ṣe. Mo ní n óò hun aṣọ ẹ̀yìn fún un.

Ibí ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun eré ni aṣọ náà, òwú fẹ́lẹ́ ló yẹ kí n fi hun ún, kó dẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń hun ìhunkúhun. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó sídìí òfì, aṣọ ọkọ ìyàwó ni mò ń hun, èyí tí ọmọ á jogún. Mo mú òwú pupa, mo fún un pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo rán àwọn aṣọ tóóró tóóró pọ̀ ní ìlọ́po méjì. Ọ̀já tí yóò fi so ó, n kò rán an mọ́ ọn. Aṣọ tóóró méjì tó wà létí ni mo hun gùn ju ìyókù lọ, kí wọ́n di ọ̀já, kó má baà já láéláé. Nígbà tó parí, mo so ó mọ́ òpó òfì, mo fi gbogbo ara fà á níwájú ìyàwó mi. Òpó mì, aṣọ kò mì.

"Baba wọn," ó ní, "ṣé ọmọ ló fẹ́ wọ̀ ọ́ àbí màlúù lẹ fẹ́ fi so?"

Mo ní kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọwọ́.

Orí òkè Adó-Àwáyè ni ọmọ mi yàn láti ya àwòrán náà. Mo ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n tẹ̀ lé e, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ọkàn tèmi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi mí. Àwa mẹ́ta la lọ, èmi, ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tó ní fóònù tó ń ya àwòrán dáadáa. Ọyẹ́ ti dé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ eruku. Gbogbo àtẹ̀gùn tí mo gùn ni mo ṣe Bísímílà lé lórí.

Nígbà tí a dókè, ọmọ mi so ọ̀já sábẹ́ ìbòrí rẹ̀ kí kókó má baà hàn, ó fi píìnì há ìbòrí náà mọ́lẹ̀, ó lọ dúró lórí àpáta kan. Ó kọjú sí wa. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ ti tán.

"Súnmọ́ wa díẹ̀," mo wí.

"Bàbá mi, tí mo bá súnmọ́ yín, igbó ló máa wà lẹ́yìn mi. Ojú ọ̀run ni mo fẹ́."

Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ láti ẹ̀yìn wa. Aṣọ náà gbà á, ó wú, ó fà. Ọmọ mi gbé ọwọ́ méjèèjì sí ọrùn, àgbọ̀n rẹ̀ lọ sókè, ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀!" ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo, ó ń ya àwòrán. "Má kúrò! Gbójú sókè sí i!"

Kí n má parọ́, èmi náà kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré ni. Ó jọ àwọn tó wà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó ń yọ̀ lórí àpáta, díẹ̀ díẹ̀, ó ń lọ sẹ́yìn.

Kò sẹ́ni láyé tó mọ aṣọ yẹn tó mi. Mo mọ̀ pé kò ní ya. Mo mọ̀ pé ọ̀já yẹn kò ní já, nítorí èmi ni mo rí sí i pé kò ní já. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń fi àyà wọ́ bí alángbá títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo di iwájú gáùn rẹ̀ mú, mo fi gbogbo ara fà á wálẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀, ó ṣubú lé mi lórí. Aṣọ kò dẹ̀yìn, ó ń fà á lọ́rùn síbẹ̀.

Abẹ tí a fi ń gé òwú wà nínú àpò mi. Mo fa ìbòrí ya, mo ń wá ọ̀já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọmọ mi, abẹ sì wà ní ọwọ́ mi kejì. Mo ki ìka kan sáàárín ọ̀já àti awọ rẹ̀, pé bí yóò bá gé, kó gé mi. Mo ń rẹ́ ẹ, kò gé. Mo bú ẹni tó hun ún. Mo bú u tìyá-tìyá, tí ìyá náà jẹ́ ìyá mi. Nígbà tó já, ìka mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀, aṣọ náà gbéra, ó fò kọjá orí igi, ó lọ.

Ọmọ mi wúkọ́. Ó mí. Ó tún wúkọ́.

"Bàbá mi," ó ní, "aṣọ yín."

Mo sunkún níbẹ̀, lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

A kò sọ fún ìyá rẹ̀. A ní afẹ́fẹ́ gbé aṣọ lọ, a kò kúkú parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́: ọwọ́ méjèèjì lọ́rùn, ẹnu yíyà, aṣọ pupa lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó fẹ́ẹ̀ fò. Àwọn aládùúgbò wá kí wa kú oríire. Ìyàwó mi fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ síbi tí mo kọjú sí tí mo bá ń jẹun. N kò lè gbójú sókè. Ọmọ mi máa ń jókòó kẹ́yìn sí i.

Nígbà tó yá, olóòtú ìwé ìròyìn náà ní kí ọmọ mi tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ọmọ mi wá bá mi nídìí òfì.

"Bàbá mi, nílẹ̀ ni a ó ti yà á lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ bá mi hun òmíràn."

Mo wo ọrùn rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo hun ún, ó fẹ́lẹ́, ó dẹ̀, èèyàn lè wo òdìkejì láàárín rẹ̀. Ẹyọ òwú kan ṣoṣo ni mo fi so ọ̀já mọ́ ọn. Mo gbé e kọ́ òpó òfì bíi ti àkọ́kọ́, mo fi ìka tí ó ní àpá fà á. Ó já. Mo rán an padà, mo tún fà á, ó tún já.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Baba wọn," ó ní, "ọwọ́ yín ti ń bàjẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.